Ilé Tí A Kọ́, Ọmọ Tí A Kọ́: Lámèyítọ́ Ìròyìn Channels Lórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá Ìkẹjà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣàdédé yọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá tó wà ní Ìkẹjà. Tẹlifíṣọ̀n Channels ló fà á tó fi wá. Wọ́n ti fi àwòrán inú ilé-ẹ̀kọ́ náà han gbogbo ayé, ara ti ta ọ̀pọ̀ ènìyàn, Ààrẹ kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wọ yàrá, ó jáde ní yàrá, ó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí kámẹ́rà rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ìlú rántí jù nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé ó béèrè bí àwọn oníkámẹ́rà ṣe ráyè wọlé. Ó ní ẹni tó gbé ìròyìn náà jáde mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fi ba ìjọba òun lórúkọ jẹ́ ni, àti pé Ìkẹjà nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Ààrẹ ti bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìròyìn Channels lórí Ìkẹjà, kì í pẹ́ tí ẹnu fi ń kúrò lórí ohun tí kámẹ́rà rí, tí yóò sì bọ́ sórí ohun tí Jonathan sọ. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ń gbè é lẹ́yìn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò wá rí ẹni gbé e ka òṣùwọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí nìyẹn. Mo fẹ́ wo ohun tí ìròyìn náà ṣe dáadáa, ohun tó fò dá, àti ohun kan tó rí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun rí.

Channels kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ ìròyìn. John Momoh àti ìyàwó rẹ̀, Olusola, ló dá a sílẹ̀ ní Èkó, ọdún 1995 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò sáfẹ́fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ wò dàgbà jù wọ́n lọ fíìfíì. Ìjọba òyìnbó ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́pàá tó ṣiṣẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà kí òmìnira tó dé àti lẹ́yìn tó dé. Ó kù díẹ̀ kí a má rí agboolé nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó ya fọ́tò nínú aṣọ ọlọ́pàá nígbà náà: bàtà tó ń kọ mànàmáná, ṣòkòtò péńpé tí sítáàṣì gbé dúró gbagidi, ojú tó le bí ẹni pé kò rẹ́rìn-ín rí. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé àgbà dòní. Ilé tí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ ní rere ni Channels wọ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tó gbé jáde fi dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò díjú. Kò sí òṣèré nínú rẹ̀, kò sí ìtàn àtọwọ́dá. Kámẹ́rà kàn ń rìn káàkiri inú ọgbà ni. Ó wọ ilé ìsùn tí ènìyàn ti kún fọ́fọ́, ó wo ògiri àti òrùlé tó ti gbó, ó yà sí ilé ìyàgbẹ́ tí ojú kò gbọdọ̀ pẹ́ lára rẹ̀, ó wo oúnjẹ tí wọ́n ń bù fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo, iye tí àwọn ìwé ìròyìn gbé ni pé ènìyàn 2,554 ló wà níbi tí wọ́n kọ́ fún 700. Ẹni tó bá mọ ìṣirò díẹ̀ á rí i pé ènìyàn tó lé ní mẹ́ta àti ààbọ̀ ló ń du àyè ẹnì kan, yálà lórí bẹ́ẹ̀dì, nídìí ẹ̀rọ omi tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ yìn nínú iṣẹ́ yìí ni ohun tó yàn láti fi hàn. Oorun, omi, oúnjẹ, ìyàgbẹ́: nǹkan mẹ́rin tí kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ̀ wọ́n. Bí oníròyìn bá wá sórí tẹlifíṣọ̀n tó ń ka iye owó tí ìjọba kọ sínú ìwé ìsúnná fún ọlọ́pàá, eléyìí tó ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ kò ní gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ọmọ ọlọ́mọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní nǹkan lórí, òkèlè á dúró lọ́nà ọ̀fun. Ohun tí ìròyìn náà mọ̀ nìyẹn. Ó jẹ́ kí ojú ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ti ṣe títí tí kò yanjú.

Èyí tó tún wúlò ju ìyẹn lọ ni pé ó yí ojú tí a fi ń wo ọlọ́pàá padà fún ìgbà díẹ̀. Ọlọ́pàá tí a mọ̀ ní títì, ẹni tó ń pàṣẹ ni. Òun ló ń ní ká dúró, ká ṣí bùùtù, ká mú ìwé wá. Gbólóhùn tí wọ́n ń kọ sára ògiri tẹ́ṣàn pé ọ̀rẹ́ yín ni ọlọ́pàá, àwàdà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í ṣe. Ọ̀pọ̀ wa kò sì jókòó rò ó rí pé ẹni yìí ní ibi tó ti sùn kó tó di ẹni tí à ń bẹ̀rù. Nínú ìròyìn Channels, ọlọ́pàá ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó di ọmọ ẹni. Iṣẹ́ tó bá lè mú kí ènìyàn káàánú ẹni tó ń bẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ.

Ó tún ṣe ohun tí ìwé àwọn ìgbìmọ̀ kò lè ṣe. Láàárín ọdún mẹ́fà, ìgbìmọ̀ mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí àtúntò ọlọ́pàá: ti Muhammadu Danmadami ní 2006, ti M.D. Yusuf ní 2008, ti Parry Osayande ní 2012. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣe alága wọn, wọ́n sì mọ inú ilé náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mẹ́nu ba ìkọ́ni. Ìwé wọn wọ kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù padé. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé ti Osayande ni ìròyìn Channels lórí Ìkẹjà di ariwo, Ààrẹ sì wá fúnra rẹ̀. Bí a bá fi èyí nìkan díwọ̀n, iṣẹ́ náà ti gba máàkì tó pọ̀.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kì í ṣe oríkì. Àbùkù àkọ́kọ́ tí mo rí lára iṣẹ́ náà ni pé kò ní àná. Ó mú wa wọ ilé tó wó, kò sì sọ ẹni tó kọ́ ọ àti ohun tó kọ́ ọ fún. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí òǹwòran ń rò lọ́kàn ni pé ilé yìí ti dára rí, pé àìbìkítà àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó ló bà á jẹ́. Ìtàn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọdún náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa bá wọn dá ìlú lẹ́kun. Kò pẹ́ tí John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó sọ di Gòlóbà, fi kó àwọn Haúsá jọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, tó sì gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ìdí tó fi jẹ́ àlejò ló mú kò fara sin. Ẹni tí kò ní ẹbí nílùú, tí kò sì bá ará ìlú jẹun pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n bí wọ́n bá ní kó na ará ìlú. Ní 1879, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà di Hausa Constabulary lábẹ́ òfin. Ní 1896, Èkó dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1930, wọ́n da ọlọ́pàá àríwá pọ̀ mọ́ ti gúúsù, ó di ẹyọ kan fún gbogbo Nàìjíríà. Orúkọ ń yí padà, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí: yíyan, sálúùtù, ìbọn, ìgbọràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tekena Tamuno ti Yunifásítì Ìbàdàn ti to ìtàn yìí láti 1861 dé 1965 sínú ìwé tí Ibadan University Press tẹ̀ jáde ní 1970. Ìṣẹ́jú méjì péré nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ìbá sọ ìròyìn Channels di iṣẹ́ mìíràn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ní oṣù kọkànlá 1949, nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣì ń bójú tó ohun gbogbo, tí sítáàṣì ṣì gbé ṣòkòtò dúró, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, Enugu, nítorí pé wọ́n ń bá ìjọba jà lórí owó iṣẹ́ wọn. Òyìnbó ló pàṣẹ, ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ ní ìgbọràn ló tẹ̀ lé e. Ògiri tó mọ́ tónítóní kò dá ìbọn yẹn dúró. Nítorí náà, bí a bá tún gbogbo òrùlé Ìkẹjà kàn lónìí, tí a sì kun ògiri ní ọ̀dà funfun, ibi tí òyìnbó bá a dé ní 1949 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a padà dé yẹn.

A ní ìkọ́ni tiwa kí Gòlóbà tó dé, ó sì ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòyìnbó fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìlàrí àti akódà ààfin mọ ẹni tó ni ilé wo àti ẹni tó bí ta. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó wá tẹ̀ lé wọn náà gbọ́ èdè ìlú, ó sì mọ ojúlé olè. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́: àwọn olóṣèlú ìgbà òmìnira lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fìyà jẹ ọ̀tá wọn, ohun tí àwọn ológun sì rí wí nìyẹn nígbà tí wọ́n tú wọn ká. Mímọ ará ìlú nìkan kò tó, gẹ́gẹ́ bí àìmọ̀ wọ́n kò ṣe dára. Ẹ̀kọ́ kan wà tó yẹ kó wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀kọ́ náà gan-an la retí kí kámẹ́rà wá kiri nílé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá.

Àbùkù kejì ni pé ilé kan péré ni iṣẹ́ náà wò. Níbí, ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ sọ ní òótọ́ díẹ̀ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi í ṣe àwáwí. Ìkẹjà nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́pàá lóòótọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wà ní Kàdúná, ó wà ní Máídúgùri. Jos ni àwọn ọ̀gá ti ń lọ gba ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ ní Police Staff College. Èyí tó ga jù ni Nigeria Police Academy, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1988 ní ìpínlẹ̀ Kánò, tó sì wá fìdí múlẹ̀ sí Wudil. Àwọn tí yóò di ọ̀gá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò tí Channels ń ya àwòrán Ìkẹjà ni wọ́n ń sọ Wudil di yunifásítì tí yóò máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní dìgírì, òfin tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì jáde ní 2021, nígbà Ààrẹ Buhari. Lónìí, ọmọ tó bá fẹ́ wọ Wudil yóò jókòó ṣe ìdánwò JAMB bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Yóò lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, yóò sì jáde pẹ̀lú dìgírì lọ́wọ́ àti ìràwọ̀ léjìká.

Ẹ wá gbé Wudil sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkẹjà, kí ẹ rí ohun tí kámẹ́rà kan ṣoṣo kò lè fi hàn. Ọmọ méjì ni wọ́n nílé kan náà. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yunifásítì fún ọdún márùn-ún, wọ́n fi èkejì sí bárékè fún oṣù díẹ̀. Ẹni oṣù díẹ̀ yìí ni yóò dúró lójú ọ̀nà. Òun ni obìnrin tí wọ́n jí owó rẹ̀ gbé lọ́jà yóò kọ́kọ́ bá nídìí káńtà. Òun náà ni yóò di ìbọn mú láàárín èrò nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ tó kàwé wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ìlú ń rí jù ni ẹni tí wọ́n kọ́ kéré jù. Channels mú ibi tó tọ́ láti lọ, nítorí Ìkẹjà ni irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé kò sọ fún òǹwòran ìdí tí ibẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ibi tí àwọn ọ̀gá ti ń kàwé lọ. Ó jẹ́ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ ilé kan tó ń jò.

Àbùkù kẹta ló dùn mí jù. Kámẹ́rà dé ibi ìsùn, ó dé ibi ìjẹun, ó dé ibi ìyàgbẹ́. Kò jókòó ní kíláàsì. Yorùbá lo ọ̀rọ̀ kan náà fún iṣẹ́ méjì: à ń kọ́ ilé, à ń kọ́ ọmọ. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìròyìn yìí wo ilé tí wọ́n kọ́ tọkàntọkàn, kò wo ọmọ tí wọ́n ń kọ́. A kò mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. A kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ fún wọn nípa ẹni tí wọ́n bá mú: ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà, ṣé wọ́n lè lù ú kó tó jẹ́wọ́? Ní 2013, òfin ọlọ́pàá tí Nàìjíríà ń lò ṣì jẹ́ èyí tí òyìnbó ṣe ní 1943. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn ń kọ́ iṣẹ́ òmìnira láti inú òfin ìmúnisìn. Oníròyìn tó bá ya kíláàsì kan ṣoṣo níbi tí wọ́n ti ń ka òfin náà sókè ì bá fi ìbàjẹ́ tó ju ti òrùlé lọ hàn wá.

Ìwó ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìlú tó mọ ìkọ́ni dunjú. Ilé kéú ti gbilẹ̀ níbí ṣáájú kí òyìnbó tó máa pàṣẹ fún wa, àgàgà láyé Olúwòó Mọ́módù Lámúyè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà dé, wọ́n ní Baptist College níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn tíṣà tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n sì dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀ sí ní 2001. Ẹni tó bá mọ ilé kéú àtijọ́ á mọ̀ pé kì í ṣe ilé aláràbarà. Ẹní, wàláà, tàdáwà, pankẹ́rẹ́, ó tán. Òjò a máa wọlé, ebi a sì máa pa ọmọ kéú. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ka Kùránì títí tí wọn yóò fi ṣe wòlímọ̀ fún un, tí yóò sì jáde tó mọ ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹnì kan lè bi mí pé: ilé tó ń jò ha ba ẹ̀kọ́ jẹ́ bí? Ìbéèrè yìí ló mú mi padà sídìí ìròyìn náà, tí mo sì rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Áfáà ilé kéú kì í gbé ibòmíràn. Ẹní tó tẹ́ fún ọmọ ni òun náà ń jókòó lé, gààrí tí ọmọ mu ni òun náà mu. Òṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ mọ̀ pé ohun tó wà ni wọ́n pín. Ní Ìkẹjà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá mọ̀ pé kì í ṣe pé kò sí. Ó mọ̀ pé orílẹ̀-èdè tó ní epo rọ̀bì ló fi òun sínú yàrá yìí, ìjọba kan náà tó ní kí òun lọ ṣọ́ ẹ̀mí àti dúkìá. Ó mọ̀ pé ọ̀gá kò sùn níbẹ̀.

Nítorí náà, mo ní láti dá apá kan lára ẹjọ́ tí mo rò mọ́ ìròyìn yìí padà. Kámẹ́rà wọ kíláàsì. Ilé ìsùn yẹn gan-an ni kíláàsì. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lálaalẹ́ ni pé ara ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan, pé ẹni tó bá ráhùn ọ̀dàlẹ̀ ni, pé kóńkó jabele ni ayé, kí kálukú wá ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó dúró níwájú pátákó sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdánwò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ara kọ́ kì í tètè kúrò lára. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ojú ọ̀nà, tó sì bá ọlọ́kadà tí kò ní ìwé, ẹ̀kọ́ wo ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, èyí tó kà nínú ìwé òfin ni àbí èyí tó sùn lé?

Ohun tí iṣẹ́ náà rí tí kò mọ̀ pé òun rí nìyẹn. Ó gbé ẹ̀rí náà lọ́wọ́, ó sì fi í ṣagbe. Àánú ló béèrè lọ́wọ́ òǹwòran: ẹ wo ìyà tó ń jẹ wọ́n! Ó ṣe ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àánú máa ń tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọrẹ àti ọ̀dà funfun sì ni ó sábà máa ń bí. Ìbẹ̀rù ló yẹ kó tẹ̀ lé àánú yẹn, pé àwọn tí wọ́n ń ṣe báyìí ni wọn yóò fún ní ìbọn lọ́la. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà lè dáhùn pé ìròyìn kì í ṣe ìwàásù, pé iṣẹ́ oníròyìn ni láti fi hàn, kí olóye sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Mo gbà. Síbẹ̀, yíyàn ni fífi hàn. Oníròyìn tó yan abọ́ oúnjẹ lè yan ìbéèrè kan pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ló wá béèrè ìbéèrè náà lẹ́yìn ọdún méje. Ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n tú sí títì láti Èkó dé Òṣogbo, wọ́n ní kí ìjọba fòpin sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá kéde pé òun ti tú ẹ̀ka náà ká. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé ni pé nínú nǹkan márùn-ún tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn béèrè, méjì dá lórí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀: kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó wà ní SARS wò kí wọ́n sì tún wọn kọ́ kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbòmíràn, kí wọ́n sì fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Àwọn tí ọlọ́pàá ń lù ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì bọ́ ọ. Wọ́n so ohun tí Channels fi sílẹ̀ láìso: ìyà tó jẹ ọlọ́pàá nílé-ẹ̀kọ́ àti ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ ìlú, okùn kan náà ni.

A kò lè sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Òfin tó dá àpò owó pàtàkì sílẹ̀ fún ọlọ́pàá jáde ní 2019, ìkọ́ni sì wà lára ohun tí owó náà wà fún. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, òfin ọlọ́pàá tuntun rọ́pò ti 1943. Ó sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, kí àṣà mímú ìyá tàbí ìyàwó nítorí ọmọ tàbí ọkọ lè dópin. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n òfin tí wọn kò kọ́ kọ́ńsítébù ní kíláàsì, Abújá ló máa wà.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti gbóná báyìí. Ní oṣù kọkànlá 2025, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé kí wọ́n gba ọlọ́pàá 20,000 sí i, kí àwọn tí wọ́n ń gbà lè di 50,000, ó sì ní wọ́n lè lo àwọn àgọ́ àgùnbánirọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ láti kọ́ wọn. Ìyẹn já sí pé àgọ́ tó wà ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa ní Ìwó, lè di Ìkẹjà kékeré. Èrò náà kò burú, nítorí ìlú nílò ọlọ́pàá. Ohun tí ẹ̀rù ń bà mí ni pé gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ka orí àti bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìròyìn 2013 ṣe kà á. Bí 50,000 bá sùn dáadáa, tí wọ́n jẹun yó, tí ẹnì kan kò sì kọ́ wọn pé ènìyàn ni ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ mú, ilé nìkan la kọ́.

Níbo wá ni kí a gbé iṣẹ́ yìí sí? Bí a bá fi ojú ìròyìn wò ó, akin ni. Ó wọ ibi tí a kò fẹ́ kí ojú dé, ó sì mú Ààrẹ kúrò ní Abújá. Bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, ó jẹ́ ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀. Bí a bá fi ojú ọgbọ́n wò ó, ó rí ju ohun tó sọ lọ, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, nítorí èyí tó pọ̀ nínú ìròyìn wa ń sọ ju ohun tó rí lọ. Ó yẹ kí wọ́n máa fi í han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Wudil, kí ẹni tó ń kàwé láti di ọ̀gá lè mọ irú yàrá tí àwọn tí yóò máa pàṣẹ fún ti sùn. Ó sì yẹ kí àwa aráàlú tún un wò, láìka ọ̀rọ̀ Jonathan kún un.

Bí Channels bá tún fẹ́ ya apá kejì rẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ padà sí Ìkẹjà. Kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ 2013 yẹn, tó ti di sájẹ́ǹtì báyìí, dé ibi tí wọ́n gbé e sí. Kí wọ́n dúró ní kọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kí awakọ̀ àgbà, bó ṣe ń bá ọmọ yunifásítì tó gbé kọ̀ǹpútà dání sọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣe nígbà tí obìnrin kan bá wá fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọn yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwa tí à ń gba ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ kò nílò tẹlifíṣọ̀n fún èyí. Inú mọ́tò la ti ń wò ó.